Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì Nínú Ìmọ̀ Ìmúlò Ẹ̀dá-Èdè Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ipò Tí Èdè Yorùbá Wà Níbẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìmọ̀ ìmúlò ẹ̀dá-èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́, bí ó ṣe ń lọ, àti ohun tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè rí mú níbẹ̀. Ó fi hàn pé kíkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ kà, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gboyè tán kí èdè Yorùbá má jèrè ohunkóhun nínú làálàá rẹ̀. Iṣẹ́ náà dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi èdè tirẹ̀ ṣe ohun èlò fún iṣẹ́ àṣetiléwá kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹfààní tí ó ní ni pé àárín àwọn tó ń sọ èdè náà ni ó wà ní gbogbo àkókò tó fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

1. Ìfáàrà

Ní ìparí àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè dé ìpele tó ga ní láti fi ilé sílẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé lọ sí Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland. Ọládélé Awóbùlúyì lọ sí Yunifásítì Columbia ní ìlú New York. Ibi tí wọ́n lọ jìnnà, ṣùgbọ́n gírámà èdè Yorùbá ni àwọn méjèèjì gbé síwájú àwọn olùkọ́ wọn níbẹ̀. Ìwé gírámà tí Bámgbóṣé tẹ̀ jáde ní 1966 àti èyí tí Awóbùlúyì tẹ̀ jáde ní 1978 wà lára òpó tí ẹ̀kọ́ gírámà Yorùbá dúró lé títí di òní. Wọ́n lọ, wọ́n kó ọgbọ́n bọ̀, èdè wọn sì jèrè ìrìn-àjò náà.

Lónìí, ọ̀nà ti yàtọ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ọ̀fà lè forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì òkè òkun láìgba físà, láìfi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, láìfi ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni ilé-ìkàwé. Ìbéèrè tó wá jẹ yọ ni pé: ẹni tí kò kúrò nílé, kí ni yóò kó bọ̀? Ohun tí ìdáhùn yóò jẹ́ wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ju bí ó ti wà lọ́wọ́ yunifásítì lọ. Kí èyí tó lè yé ni, ó yẹ kí ìtumọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe kedere.

2. Ohun tí ìmọ̀ ìmúlò ẹ̀dá-èdè jẹ́

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ń bèèrè bí èdè ṣe rí: ìró rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ ìmúlò ẹ̀dá-èdè ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìṣòro tí èdè wà nídìí rẹ̀ láwùjọ. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ́ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀? Èdè wo ni ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ní ìṣirò? Báwo ni ìdánwò ṣe lè wọn ìmọ̀ èdè láìṣègbè? Báwo ni ògbufọ̀ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ dókítà dé etí aláìsàn kí nǹkan kan má sì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Irú ìbéèrè wọ̀nyí ni oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ náà.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ tó ní orúkọ, kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní 1957 ni Yunifásítì Edinburgh dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ní 1964 ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ náà, AILA, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nancy ní ilẹ̀ Faransé. Èrò inú rẹ̀ pẹ̀lú ti yí padà láti ìgbà náà. Robert Lado kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1957 pé ibi tí èdè akẹ́kọ̀ọ́ àti èdè tó ń kọ́ ti yàtọ̀ síra ni ìṣòro yóò ti wáyé. Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà sí ilé: kò sí ìró /z/ nínú èdè Yorùbá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi /s/ rọ́pò rẹ̀. Ní 1967, Pit Corder ti Edinburgh gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Ó ní ẹ̀rí ni àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́, pé ó ń fi òfin tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé kalẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ han olùkọ́. Ní 1972, Larry Selinker fún èdè tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ ní orúkọ tirẹ̀: èdè kan tó wà láàrin èdè abínibí àti èdè àkọ́kúntẹni, tó sì ní òfin tí a kò lè rí tán nínú ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. Ní àkókò yìí kan náà ni Dell Hymes ń kọ́ni pé mímọ gírámà nìkan kò tó. Ẹni tó gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ ní sísọ, ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún, àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Yorùbá kò nílò ẹ̀rí púpọ̀ lórí èyí: àwọn ló ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí orúkọ rẹ̀ tó dé. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí àwọn ìjọ sì pàdé ní Èkó ní 1875 láti fohùn ṣọ̀kan lórí àkọtọ́, ìmúlò ẹ̀dá-èdè ni wọ́n ń ṣe. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 wà lójú ọ̀nà yìí kan náà. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan inú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

3. Bí ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ṣe di ti íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ti wà tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1840, Isaac Pitman ti ń fi ìwé ránṣẹ́ láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà ìkọ̀wé kánkán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti fàyè gba ẹni tí kò wá jókòó ní kíláàsì láti ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà di ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, nígbà tí ó ṣì wà ní Nàìjíríà. Ní 1969 ni wọ́n dá Open University sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka tirẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láti òkèèrè sílẹ̀ ní 1974. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá National Open University sílẹ̀ ní 1983. Ìjọba ológun tì í pa ní 1984. Wọ́n sì tún un ṣí ní 2002.

Láti inú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí ti bọ́ sínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kí ó tó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n kan kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀. Michael G. Moore ni ó ṣàlàyé pé jíjìnnà tó ṣe pàtàkì nínú irú ẹ̀kọ́ yìí wà nínú òye tó yẹ kó wà láàrin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, pé iye máìlì kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá pọ̀, jíjìnnà náà a dín kù. Bí ètò bá le koránkorán tí kò sì sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, jíjìnnà a pọ̀ sí i, àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ẹni tó lè darí ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ọ̀fà fi lè súnmọ́ olùkọ́ rẹ̀ tó wà ní ìlú òyìnbó ju ẹni tó jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn tó kún àkúnya lọ.

4. Bí ètò náà ṣe ń lọ

Ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọrùn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ hàn gbangba. Oyè kejì níbẹ̀ jẹ́ máàkì ìwọ̀n iṣẹ́ 180, wọ́n sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 1,800. Ẹni tó bá pín in sí ọdún méjì yóò máa ṣe wákàtí 17 àti díẹ̀ lọ́sẹ̀ láìsinmi ọ̀sẹ̀ kankan. Ẹni tó bá pín in sí ọdún mẹ́ta yóò máa ṣe bíi wákàtí mọ́kànlá àti ààbọ̀. Olùkọ́ tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí kí ó tó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ẹ̀kọ́ náà dojú rú fún ni kò ka wákàtí yìí kún nígbà tí wọ́n ń ka owó.

Máàkì 120 nínú 180 náà ni ó sábà máa ń wà fún iṣẹ́ kíláàsì, 60 yòókù sì wà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Àwọn iṣẹ́ kíláàsì a máa dá lórí bí ènìyàn ṣe ń kọ́ èdè àkọ́kúntẹni, ìtúpalẹ̀ èdè àjùmọ̀sọ, ìlò èdè láwùjọ, ọgbọ́n ìkọ́ni, ìdánwò èdè, àti ọgbọ́n ìwádìí. Ojú-òpó ẹ̀kọ́ kan wà, irú bíi Moodle, níbi tí olùkọ́ ń kó ìwé kíkà, fídíò àti iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà kò ní àkókò: akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á ní aago mẹ́rin ìdájí bí iná bá wà nígbà náà. Apá kejì ní àkókò tirẹ̀: gbogbo wọn a pàdé lórí fídíò láti jíròrò.

Apá kejì yìí ni ó ń mú ọ̀rọ̀ aago wá. Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ padà nínú ọdún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń yí tiwọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bára mu. Nígbà òtútù wọn, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Ó fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́fà nígbà òtútù. Ìpàdé tí yunifásítì kan ní New York bá fi sí aago mẹ́jọ alẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní, aago méjì òru ni ó jẹ́ ní Ìṣẹ́yìn. Ohun kékeré ni èyí lójú ẹni tí kò tíì ṣe é rí.

5. Níbi tí àpẹẹrẹ ti jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù aago lọ wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an. Àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì káàkiri àgbáyé ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó ń san owó fún irú oyè yìí, nítorí náà àwọn ni ètò náà ń wò lójú. Nínú ìwé kíkà, akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè; àṣìṣe tí wọ́n ń túpalẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì; ìdánwò tí wọ́n ń ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó lé Yorùbá jáde. Kò kàn sí ẹni tó pè é wọlé ni. Olùkọ́ Yorùbá tó bá ń tẹ̀ lé àpẹẹrẹ inú ìwé láìwo ẹ̀yìn yóò fi ọdún méjì di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ìṣòro àwọn ọmọ kíláàsì ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá sábà máa ń fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ láti yan èdè tí yóò lò. Àpẹẹrẹ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e fi hàn bí ó ṣe lè ṣe é.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ lórí èdè àkọ́kúntẹni. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London lè sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà lórí fóònù pé, "Màmá, ṣé o ti jẹun?" Gírámà rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ sì lè dára, ṣùgbọ́n etí ìyá àgbà yóò ta nítorí pé "ẹ" ni ó yẹ níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà ń sọ lójoojúmọ́ kò ní ìyàtọ̀ yìí mọ́. Ohun tí Hymes sọ nípa yíyẹ ọ̀rọ̀ wà nínú fáwẹ́lì kan ṣoṣo. Olùkọ́ tó ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí fídíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ti ní ohun ìwádìí lọ́wọ́: ìgbà wo ni ọmọ ń tọ́jú "ẹ", ta ni ó ń lò ó fún, ṣé àtúnṣe olùkọ́ ni ó ń ràn án lọ́wọ́ ni tàbí gbígbọ́ rẹ̀ lẹ́nu òbí?

Èkejì ni ẹ̀kọ́ lórí ìró. Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀. Ó ń ya bí ohùn ṣe ń gòkè àti bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sójú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà àti lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ èdè náà lè fi ìlà méjèèjì wéra, kí ó sì rí ibi tí ohùn ti ṣìnà. Ohun tí olùkọ́ ti ń fi etí mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò wá di ohun tí ó lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìtúpalẹ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. AntConc, tí Laurence Anthony ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́ bákan náà, ó sì lè ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ nínú àìmọye ojú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún Yorùbá yóò tètè bá ohun tí ìwé kíkà kò sọ pàdé. Nínú ètò Unicode, "ẹ̀" kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Òǹtẹ̀wé kan lè fi àmì ohùn lé orí "ẹ". Òmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí abẹ́ "è". Ẹlòmíràn lè lo ìlà kékeré dípò àmì tóótó. Lójú ènìyàn, "ẹ̀kọ́" kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di oríṣi kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ìlà kékeré sí àmì tóótó, iye tí yóò kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jóòótọ́. Èyí kò tíì kan ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn tí kò ní àmì ohùn rárá.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀kọ́ lórí ìlànà èdè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n sì ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Èsì ìdánwò wà lára ohun tí wọ́n fi ti ìpinnu náà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ yóò ní ìbéèrè láti bi: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n tẹ̀ lé ìlànà náà ní tòótọ́? Ìwé ha wà ní èdè náà bí? Wọ́n ha dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún un bí? Irú ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti ìbínú. Ọgbọ́n ìwádìí ni ó ń kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n, àti irú ẹ̀rí tó lè dáhùn wọn.

6. Ìwádìí láti ilé

Ẹni tó wà nílé súnmọ́ ohun ìwádìí. Ọjà, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ibùdókọ̀ àti kíláàsì rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó. Ṣùgbọ́n sísúnmọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ gba ohùn àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ọmọ kò lè sọ pé rárá fún ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí yóò béèrè bí ó ṣe fẹ́ yanjú èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ kí olùkọ́ mìíràn bá a gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí àti ọmọ, tàbí kí ó lọ ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ni, kíkà ìwé àdéhùn sí i létí ní Yorùbá tó yé e, kí wọ́n sì gba ìdáhùn ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, bójú mu ju kí wọ́n kan ní kó tẹ ìka sórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Gbígba ohùn sílẹ̀ lórí ìpè fídíò pẹ̀lú ń fẹ́ àkíyèsí. Ètò ìpè a máa gé ohùn kúrú, a sì máa fún un pọ̀ kí ó lè kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò yára. Ó sàn kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kí ó sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Ìṣòro mìíràn ni pé alábòójútó iṣẹ́ náà lè má gbọ́ Yorùbá. Ẹrù àlàyé yóò wá wà lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Àpẹẹrẹ kan tó rọrùn ni "Wọ́n ti dé." Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, alábòójútó yóò rò pé ènìyàn púpọ̀ ni ó dé. Bí ó bá jẹ́ bàbá kan ṣoṣo ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, gbogbo ìtúpalẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò wọ́. Ìlànà Leipzig, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń tẹ̀ lé fún irú iṣẹ́ yìí, fàyè gba kí wọ́n fi hàn pé ọ̀wọ̀ ni "wọ́n" dúró fún níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ ọgbọ́n yìí yóò tún mọ gírámà èdè rẹ̀ sí i, nítorí pé ó ń ṣàlàyé ohun tí kò ronú kàn rí. Ó tún dára kí ó wá onímọ̀ Yorùbá kan ní yunifásítì tó súnmọ́ ọn tí yóò máa bá a wo ohun tó kọ, kí ó sì jẹ́ kí alábòójútó mọ̀ nípa rẹ̀.

7. Ìnáwó, iná àti ìwé-ẹ̀rí

Owó ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun kì í ṣe náírà, nítorí náà iye tí akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn sí ní ọdún kìn-ín-ní lè má jẹ́ iye tí yóò san ní ọdún kejì. Ó yẹ kí ó béèrè bóyá wọ́n ń gba owó díẹ̀ díẹ̀ bí iṣẹ́ kíláàsì ṣe ń lọ, bóyá àyè wà láti dúró fún ìgbà díẹ̀ bí nǹkan bá le, àti bóyá wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí kékeré fún ẹni tó bá ṣe apá kan nìkan. Dátà àti iná mànàmáná wà lára ìnáwó náà. Ẹni tó gbọ́n yóò máa gba ìwé kíkà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí iná bá wà, yóò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ ìkẹyìn tó pé, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ náà ní òkè òkun kò mọ̀ bí iná bá lọ ní Ọ̀fà.

Ìwé-ẹ̀rí pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ nínú. Àjọ NUC ni ó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ láti òkèèrè tí àwọn yunifásítì Nàìjíríà ń ṣe. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ ni ó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkè òkun wò. Olùkọ́ tó ń retí pé oyè náà yóò mú ìgbéga wá gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn, àti lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ rẹ̀, kí ó tó san kọ́bọ̀. Kí ó sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.

8. Mímú ìmọ̀ padà sí èdè rẹ̀

Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ náà, inú ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì kan ni yóò sì máa gbé. Olùkọ́ kíláàsì kẹta ní Ìgbòho lè má rí i láéláé. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣì kù lẹ́yìn tí oyè bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: kíkọ àbájáde rẹ̀ ní Yorùbá tí olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà kí ó sì lò.

Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún irú ìmọ̀ báyìí. Àwọn àgbà ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú iṣẹ́. Apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984; apá kejì, tí Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tó dé lẹ́yìn 1990: àkójọ ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó yẹ kó sọ wọ́n lórúkọ ju ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ìwé kékeré kan níbi tó ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá lò fún èrò tuntun kọ̀ọ̀kan sí yóò ti kó ọ̀pọ̀ nǹkan jọ nígbà tí ọdún méjì bá pé.

9. Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ oyè kejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti mú ìnáwó ìrìn-àjò àti ìfilésílẹ̀ kúrò lọ́nà olùkọ́ Yorùbá. Kò mú iṣẹ́ wákàtí 1,800 kúrò, kò sì fi Yorùbá sínú ìwé kíkà. Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì gbé èdè wọn lọ sí ibi tí wọn kò ti ń sọ ọ́, wọ́n sì mú ìmọ̀ rẹ̀ padà wálé. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní jókòó sí àárín èdè náà: ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyálọ́jà ní òwúrọ̀, lẹ́nu ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sán, lẹ́nu ọmọ London lórí fídíò ní alẹ́. Bí ó bá fi ohun tó ń gbọ́ yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní ṣòro fún un láti fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Bí ó bá sì kọ ọ́ padà ní Yorùbá, ẹni tí kò kúrò nílé yóò ti kó nǹkan bọ̀ wálé.